Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Di Ẹjọ́

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe nílùú Ìwó, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dọọdún, a máa ń dé ojú ewé kan nínú ìwé wa tó kún fún ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù. Màá kọ wọ́n sójú pátákó: suspect, confess, bail, remand, discharge, acquit. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á fi yege ìdánwò, ó tán. Lójú tèmi náà, ó tán. Mo ní àpẹẹrẹ gbólóhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń fi ohùn tíṣà sọ ọ́ bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. N kò dé ibì kankan. Ìgbà tí wọ́n mú àbúrò mi ni mo tó mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ní eyín. Mo kórìíra wọn báyìí, mi ò sì ní fi í pamọ́. Bí mo bá ń kọ wọ́n, ṣọ́ọ̀kì a máa ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ á sì máa wo ara wọn lójú.

Àbúrò mi yìí, ọkùnrin ni, wẹ́ídà sì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ilé-Ogbó, níbi tó ti ń jó irin pọ̀ fún àwọn ènìyàn: géètì, ilẹ̀kùn, irin ojú fèrèsé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ni kò ti lè bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe. Bí èmi àti òun bá jà, tí ìyá wa bá ní kó bẹ̀ mí torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni mo ṣe?” Ó jẹ ẹgba púpọ̀ lórí ìbéèrè yẹn. Bàbá wa máa ń sọ pé orí kunkun ni. Lójú tèmi, òun nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú ilé wa.

Ẹnìkejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Alájì. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa. Ọ̀rẹ́ bàbá wa olóògbé ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì láti Òṣogbo ni, ó sì ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síwájú ilé rẹ̀, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn omi. Ẹ óò rí i pé n kò pè é ní “wọ́n” nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Níwájú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti máa ń kí i, “ẹ̀yin” ni mo sì máa ń pè é. Àmọ́ ìwé tèmi nìyí, “ó” ti tó o níbí.

Àbúrò mi ló ṣe àgò irin tí Alájì fi bo pọ́ńpù kànga náà, òun ló ra àgádágodo tó wà lẹ́nu rẹ̀, tó sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún Alájì pátápátá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alájì jí, kò bá pọ́ńpù mọ́. Àgò wà níbẹ̀, àgádágodo wà ní títì, pọ́ńpù kò sí. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n lórí yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Alájì kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó ṣe àgò ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ó gun ọ̀kadà, ó di tésàn. Kó tó di pé oòrùn mú, ọlọ́pàá ti wọ́ àbúrò mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà, tòun ti eruku irin lọ́wọ́.

Nígbà tí mo fi máa dé tésàn láti ilé-ìwé, ìyá wa ti wà níbẹ̀. Híjáàbù wọn ti yí sẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe méjì ara wọn. Alájì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fìlà tó gún régé. Àbúrò mi dúró níwájú káńtà, wọ́n ti bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀.

Ìyá wa pariwo mọ́ ọn. “Dọ̀bálẹ̀ fún Alájì! Dọ̀bálẹ̀, kó o bẹ̀ wọ́n!”

“Kí ni mo ṣe?” Ìbéèrè àtijọ́ yẹn kan náà ni.

Mo ní, “Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò jí nǹkan, kí ló fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún?”

Ojú tí wọ́n fi wò mí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. “Ìwọ tíṣà, pa ẹnu ẹ dé. Ṣé ẹni tó bẹ àgbà ló jẹ̀bi ni? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe. Kó bẹ̀ wọ́n, ká máa lọ sílé.” Wọ́n yíjú sí àbúrò mi, ohùn wọn sì ti rọ̀. “Nítorí ọmú tó o mu, bẹ̀ wọ́n.”

Ta ni kò mọ ohun tí ìyá wa ń sọ nílẹ̀ wa? Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Omi tí wọ́n fi ń paná ni, ẹni tó kéré ló sì máa ń pọn ọ́n wá. Bí àgbà bá tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀, ìwọ lo máa ní kó má bínú. A ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó jí nǹkan, torí pé ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe olè, kí ilé tùbà tùṣẹ ni. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó lè pààyàn.

Àbúrò mi wo ìyá wa títí. Lẹ́yìn náà ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tésàn, ó ní, “Alájì, ẹ má bínú. Ẹ foríjì mí. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.” Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ Yorùbá kọ́ lẹ́nu ìyá wọn ni. Alájì wú ikọ́, ó ní, “Mo ti gbọ́. Dìde.” Ìyá wa ní, “Alihamudulilahi,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún híjáàbù wọn ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹjọ́ ti parí.

Kò parí. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà ń kọ̀wé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ìlú rẹ̀ kò sì jìnnà. Ojú mi ló ṣe nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kí Alájì tí ìbàdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó yí ìwé náà sí àbúrò mi pé kó fọwọ́ sí i, ó sì ti fọwọ́ sí i kí n tó yọjú kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tó kọ ni pé afurasí náà jẹ́wọ́ pé òun ló jalè, ó sì bẹ olùpẹ̀jọ́ pé kó dárí ji òun. Confessed. Ó kọ ọ́ kedere, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ló kọ ọ́, màá fún un ní máàkì.

Mo ní, “Ọ̀gá, kò jẹ́wọ́.”

“Ṣé kò ní kó foríjì òun ni?”

“Ó bẹ àgbà ni. Ṣé ẹ̀yin kì í bẹ àgbà nílé yín ni?”

“Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí ni kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, Àǹtí? Ẹ sọ ọ́ fún mi.” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ilé lẹ ń sọ yẹn. Tésàn nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń kà.”

Alájì pàápàá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, òun ti foríjì í. Ọlọ́pàá náà ní ẹni tó bá ti jẹ́wọ́ olè ti di ti ìjọba, kò sí lọ́wọ́ Alájì mọ́. Alájì gbé èjìká sókè, ó ní ìrun Àìlà ti tó, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò wẹ̀yìn. Ìyá wa ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò sì tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tésàn.

Ọlọ́pàá gbé àbúrò mi lọ sí kóòtù. Ògbufọ̀ ka ẹ̀sùn fún un, àbúrò mi sì ní òun kò jẹ̀bi. Ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò fún ìjọba gbé ìwé tésàn sókè bí ẹni gbé ẹja tó pa. Lọ́yà tí mo gbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí súùtù rẹ̀ tóbi jù ú lọ, sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì jókòó. Adájọ́ ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lé ná. Remand. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn ọmọ ni pé wọ́n rímáǹdì ọkùnrin náà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ẹ̀fọn nínú àpẹẹrẹ mi. Kò sí ọkọ̀ onírin tó gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, kò sí ìyá tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì. Kí wọ́n tó gba béèlì rẹ̀, tí èmi àti tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ṣe onídùúró, wọ́n ti fá irun rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín nínú aṣọ.

Bó ti wá sílé yìí, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe, iṣẹ́ ìfọkàntán ni. Ta ni yóò gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ olè? Àwọn tó ti fi géètì sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá kó o láìparí. Ó máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, yóò jókòó ti ẹ̀rọ tí kò tàn, yóò sì tún tì í. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe kí wọ́n fi mí sílẹ̀ ni mò ń wá. Kí ẹnì kan dúró ní gbangba kó sọ pé mi ò jí i. Bí kò bá ṣe ìyẹn, mi ò lè jẹun ní Ìwó yìí mọ́.” Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá nǹkan míì.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, nígbà tí mò ń múra ilé-ìwé, mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn ògiri. Pọ́ńpù ni. Ó ń kùn, omi sì ń dà sínú táńkì. Mo rò pé Alájì ti ra tuntun. Ìyá wa pọn omi wá, ojú wọn kò gbé ibì kan. Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé àwọn ni olè: pọ́ńpù yẹn náà ni. Ọmọ Alájì tó ń gbé Ìbàdàn ló gbé e lọ tún wáyà rẹ̀ wé, torí pé ó ti jó. Òun náà ní kọ́kọ́rọ́. Ìdájí ló lọ, kò jí bàbá rẹ̀, nígbà tó sì gbọ́ pé bàbá òun ti fi ọlọ́pàá mú ènìyàn, ẹ̀rù bà á, ó gbé jẹ́ẹ́. Ìyàwó Alájì ló tú àṣírí náà fún ìyá wa lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tó sì ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbà mí o. Pọ́ńpù tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣẹjọ́ ń fa omi lẹ́yìn ògiri wa, ìyá ẹni tí wọ́n pè ní olè sì ń pọn nínú omi náà.

Mo lọ bá Alájì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé kóòtù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Kí ẹ sọ pé ẹ ti rí pọ́ńpù yín, pé àbúrò mi kọ́ ló gbé e.”

Ó ń ka tẹ̀súbáà. Ó kà á dé ibì kan, ó dúró. “Ṣé kí n wá dúró níwájú adájọ́ tí kò ju ọmọ mi lọ, kí n ní mo parọ́ mọ́ ènìyàn? Bí wọ́n bá wá mú ọmọ tèmi ńkọ́?”

“Ẹnikẹ́ni ò ní mú ọmọ yín. Pọ́ńpù bàbá rẹ̀ ló gbé.”

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ ká fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú. Mo ṣáà ti foríjì àbúrò rẹ.”

“Kí lẹ foríjì í fún, sà?”

Pọ́ńpù rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn wa. Ó ní, “Ẹnu rẹ mú jù, tíṣà. Bàbá rẹ kò rí báyìí.” Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Àgbà wà lọ́jà, ó jókòó, ó ń ka tẹ̀súbáà, orí ọmọ ọlọ́mọ sì wọ́ títí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà. Ó ní ohun tí ìyàwó Alájì sọ fún ìyá mi, tí ìyá mi sọ fún mi, kóòtù kò ní gbà á, Alájì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá. Wọ́n fìwé pe Alájì. Ó ní ara òun kò yá. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Wọ́n tún pè é, ara rẹ̀ kò tún yá. Ara rẹ̀ ń yá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sáláṣí nínú agbádá funfun. Nígbà tó ṣe, ó sú adájọ́. Ó ní ọlọ́pàá kò mú ẹlẹ́rìí kankan wá, òun ti pa ẹjọ́ náà rẹ́, kí olùjẹ́jọ́ máa lọ. Discharged. Lọ́yà bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi lọ́yà pé, “Ṣé adájọ́ ní mi ò jí i?”

“Ó ní kó o máa lọ.”

“Mo gbọ́. Ṣé ó ní mi ò jí i?”

Lọ́yà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò mi wá yíjú sí mi, torí pé èmi ni tíṣà. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un níwájú kóòtù, nínú oòrùn, pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tú ènìyàn sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n dá a láre. Pé àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lójú pátákó mi, èyí tó kéré nínú méjèèjì ni wọ́n fún un. Pé bó bá wu ọlọ́pàá, wọ́n tún lè padà wá. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ó dáa,” a sì forí lé ilé.

Ilé la wà tí ìyá wa fi ní a gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì. Mo ní, “Dúpẹ́ kí ni?” Wọ́n ní Alájì ò ṣáà lọ sí kóòtù lọ ta kò wá, ó yẹ ká moore. Orí mi gbóná. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá rẹ̀, mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ló dá mi dúró. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Alájì.”

Alájì jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ nítòsí ẹ̀rọ omi. Àwọn tó wá pọn omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa wọn. Ìyá wa kúnlẹ̀, èmi náà tẹ orúnkún díẹ̀, ìwọ̀nba tí ìbínú jẹ́ kí n lè tẹ̀. Àbúrò mi kò tẹ̀ rárá. Ó dúró ṣánṣán níwájú àgbà tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ẹ káalẹ́, Alájì.”

Alájì gbójú sókè. “Ṣé ìdúró lo ti ń kí mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ní tésàn, mo wá gbà á padà ni. Olè ló wà fún, èmi kì í ṣe olè. Pọ́ńpù yín sì nìyẹn.”

Àwọn tó ń pọn omi dúró. Omi ń kún garawa kan, ó ń dà nù, kò sẹ́ni tó ti ẹnu ẹ̀rọ. Gbogbo wọn wo pọ́ńpù nínú àgò irin tí àbúrò mi ṣe, wọ́n sì wo Alájì. Alájì fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Kò sọ pé kì í ṣe pọ́ńpù òun.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbá ẹsẹ̀ Alájì mú nínú ẹrẹ̀ tí omi dà sí, wọ́n ń sunkún. “Alájì, ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ foríjì wá, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.”

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bínú fún ìṣẹ́jú kan, torí mo rò pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá wa ló fẹ́ gbé dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú wọn lábíyá, ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò ní orúnkún wọn bí ẹni ń nu ọmọ.

Ó ní, “Ẹ dìde, Màmá. Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Wọ́n á tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jẹ́wọ́.”